Owó Àjọ Kọ́, Owó Ọ̀wẹ̀ Ni: Èrò Kan Lórí Èdè-Ìperí Adójútòfò Ìlera fún Àwọn Oníṣẹ́-Àdáni

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kan ní ìlú Ìbàdàn ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá àwọn ka ìwé pélébé kan. Ìwé náà dá lórí ètò kan tí yóò máa bá wọn san owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀wé kà nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ohun tí ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi ni pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti fi san owó tí ìwé náà pè ní 'owó àjọ ìlera'. Nígbà tí ọdún yípo, mẹ́jọ nínú wọn, tí ara wọn le koko láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, lọ bá ọkùnrin tí ń gba owó náà. Wọ́n ní kí ó yọ tirẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí alájọ, kí ó sì kó èyí tí ó kù fún àwọn. Ó ní kò sí owó kankan láti kó. Wọ́n pè é ní olè.

Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Bí ètò náà ti rí gan-an ni ó sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ̀bi, ẹni tí ó túmọ̀ ìwé náà ni, nítorí òun ni ó fi ọ̀rọ̀ ṣèlérí ohun tí ètò náà kò ní í lè ṣe láéláé. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ ètò náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí tí inú rírun dá ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀, tí àwọn oníṣègùn sì ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì kí ó tó rí owó san. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti ń bá wọn ránṣọ nísinsìnyí, ẹni tí ó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ń ka ìwé àtìgbàdégbà yìí, yóò sọ pé ọ̀rọ̀ owó ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní ti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ètò náà ti wá. Òfin tí ilẹ̀ Jámánì ṣe ní ọdún 1883, nígbà tí Bismarck ń darí ìjọba wọn, ni a sábà ń kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ adójútòfò ìlera tí ìjọba gbé kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a ṣe é fún. A óò yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ipa yìí náà ni Nàìjíríà tọ̀. Òfin 35 ti ọdún 1999 ni ìjọba ológun fi dá ètò tiwa sílẹ̀, ọdún 2005 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú 100 owó oṣù ìpìlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5. Owó náà ti kúrò kí òṣìṣẹ́ tó fojú kan owó oṣù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti bá a jiyàn. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ó tilẹ̀ bèèrè ohun tí wọ́n ń pe owó náà.

Ṣùgbọ́n ta ni agbanisíṣẹ́ kánfíńtà? Òun náà ni. Ta ni òṣìṣẹ́ rẹ̀? Òun náà ni. Bí a bá fẹ́ kí ó san owó, ẹnu ni a óò fi bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sì fi yọ owó náà láti inú àpò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni òfin tuntun rọ́pò èyí tí ó wà láti 1999, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, dandan tí kò ní ìwé owó oṣù tí a óò ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni títí ẹni tí a ń bá sọ ọ́ yóò fi gbà á. Àwọn ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un kò tilẹ̀ burú. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún ìdílé àti fún ẹgbẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni náà ń tà tiwọn. Nígbà tí ètò tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè ní Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, náírà 8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ń san 40,000. Ọ̀nà tí ó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀, èyíinì ni kí a dúró di ọjọ́ tí àìsàn bá dé, kí a wá máa sáré owó kiri.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń polówó ètò wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni 'ìnṣọ́ránsì'. Èmi kò bá ọ̀rọ̀ àyálò ṣọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni àwọn èèyàn gbọ́, kí a lò ó. Àléébù rẹ̀ níhìn-ín ni pé àwọn awakọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà á, lẹ́nu tiwọn sì rèé, ìnṣọ́ránsì ni bébà tí a fi ń han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ra bébà kò retí nǹkan mìíràn lẹ́yìn bébà.

Èkejì ni 'adójútòfò'. Ọ̀rọ̀ tí a fi ọgbọ́n ṣẹ̀dá ni, ó sì ti fìdí múlẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Bí mo ti ń tú u nìyí: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-', àpólà 'dójú tì', àti ọ̀rọ̀-orúkọ 'òfò', pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì níbi tí 'tì' ti pàdé 'òfò'. Ohun tí ń dójú ti òfò ni. Kò sí ẹni tí kò ní í rí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń fi ẹnu lásán pè. Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, òfò ni ó ṣe é. Ẹ sọ fún oníṣòwò pé kí ó wá san owó sílẹ̀ nítorí òfò, ẹ ó rí i bí yóò ti fi ọwọ́ yí orí ká. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà dá mi lóhùn pé, 'Ọmọ mi, ọjà ni mo wá tà níhìn-ín, n kò wá ra òfò.' Èèyàn lè pe èyí ní àìlajú. Èmi kò ní í pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kọ́ èdè yìí dénú mọ̀ pé ohun tí a fi ẹnu pè kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré.

Ìṣòro kan tún wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìtumọ̀ gan-an. Bí iná bá jó ìsọ̀, a lè díye lé ohun tí ó jóná, kí a sì kó owó rẹ̀ fún oní-nǹkan. Òfò ti wáyé, a sì ti dójú tì í. Nínú ètò ìlera, a kì í ka owó sí aláìsàn lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni a ń san án fún. Ọ̀pọ̀ ohun tí ètò náà ń san owó rẹ̀ ni kò sì jọ òfò rárá: abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí. Ta ni yóò pe ìbímọ ní òfò?

Ẹ̀kẹta ni 'àjọ', òun ni ó sì léwu jù nítorí pé òun ni ó dùn jù létí. Gbogbo wa ni a mọ alájọ. Ojoojúmọ́ ni yóò yípo ọjà pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan, yóò sì dá ìyókù padà fún ẹni tí ó ni ín. Èsúsú súnmọ́ ọn. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Bascom, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Nínú èsúsú, gbogbo ẹgbẹ́ ń kó owó jọ fún ẹnì kan ní ìgbà kan, títí yóò fi kárí. Ohun tí àjọ àti èsúsú fi jọra ni ohun tí ó ṣe pàtàkì sí wa: iye tí o dá ni iye tí o óò kó, bí a bá ti yọ owó alájọ kúrò. Owó rẹ kò di ti ẹlòmíràn nígbà kankan. Ó kàn lọ sùn ni, yóò jí.

Nínú adójútòfò ìlera, owó náà kò ní í jí fún ẹni tí ó san án. Ó ti bá ẹlòmíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí a bá sì fi ọ̀rọ̀ náà 'àjọ' mú wọ inú ètò, ní òpin ọdún àkọ́kọ́ tí kò ṣàìsàn ni yóò bínú jáde. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Àwọn alára líle ń lọ, àwọn aláìsàn ń dúró. Owó inú àpò kò tó mọ́. Owó tí oníkálukú ń san yóò gbéra. Bí ó bá ti gbéra, àwọn alára líle tí ó kù yóò tún ro ọ̀rọ̀ ara wọn wò. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti ní orúkọ fún àìsàn yìí tipẹ́. Èmi dá a lábàá pé kí a máa pè é ní 'ìyọ́lọ alára-líle'. (Kí n tó gbàgbé: 'àjọ' tún ni a fi ń pe ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ ńláńlá, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nítorí náà, 'owó àjọ ìlera' lè jẹ́ owó tí a dá tàbí owó tí àjọ kan ni. Ògbufọ̀ tí ó lò ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àṣìṣe méjì.)

Ǹjẹ́ a kò wá ní àṣà kankan nínú èyí tí èèyàn ń fi nǹkan sílẹ̀ láìretí pé ohun náà gan-an yóò padà? A ní in. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ láàrin àáró àti ọ̀wẹ̀. Bí èmi àti ìwọ bá jọ ń ṣe àáró, ọjọ́ tí mo fi kọ ebè nínú oko rẹ, gbèsè ni. Ìwọ náà yóò wá kọ ebè tèmi, ọjọ́ fún ọjọ́. Èsúsú inú oko ni àáró. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ bá dé bá, bóyá ilé ni ó fẹ́ kọ́, bóyá iṣẹ́ àna ni, òun ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn èèyàn yóò wá, yóò fún wọn ní oúnjẹ, iṣẹ́ yóò parí. Ẹni tí kò kọ́ ilé rí títí ó fi dàgbà kò jẹ́ dìde kí ó ní kí wọ́n san àwọn ọjọ́ tí òun fi lọ́wọ́ nínú ilé àwọn ẹlòmíràn padà fún òun. Ohun tí ó ní ni pé bí ó bá ké, wọn yóò dáhùn.

Ìdí nìyí tí mo fi dá a lábàá pé kí a máa pe owó tí oníṣẹ́-àdáni ń san, èyí tí a ń pè ní 'premium' lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní 'owó ọ̀wẹ̀'. N kò sọ pé kí a ju 'adójútòfò' nù. Kí ó wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò, fún ọkọ̀, fún ilé, fún ẹrù ojú omi, àti nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n lórí owó tí a fi ọwọ́ yọ lápò, ọ̀rọ̀ tí yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí ìsanwó, 'owó ọ̀wẹ̀' ni kí a kọ.

Mo ti gbọ́ àtakò mélòó kan nígbà tí mo sọ èrò yìí ní yàrá àpérò wa. Wọ́n ní ọmọ ìgboro kò mọ ọ̀wẹ̀ mọ́. Bóyá, ṣùgbọ́n kò mọ adójútòfò náà kí a tó kọ́ ọ, ó sì rọrùn láti fi ìtàn kan ṣàlàyé ọ̀wẹ̀ ju kí a fi ìpajẹ fáwẹ̀lì ṣàlàyé adójútòfò. Wọ́n tún ní ọ̀wẹ̀ kì í ṣe tipátipá, bẹ́ẹ̀ òfin 2022 ti sọ ètò náà di dandan. Àtakò yìí ni ó lágbára jù, mo sì ti rò ó dáadáa. Ìdáhùn mi ni pé kò sí ọlọ́pàá nínú ọ̀wẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ará àdúgbò rí, ọjọ́ tí ó bá bẹ tirẹ̀ ni yóò mọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò dá gbé òpó. Bí ètò ìlera náà ti rí gan-an nìyẹn: ẹni tí owó rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ìtọ́jú rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ẹnì kan sì ní orúkọ kò lè mú oògùn wọ inú ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn. Òótọ́ ni. Kò sí èdè-ìperí tí yóò wo ibà.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú ètò náà tí ó ń fẹ́ àmójútó, ọ̀kan nínú wọn sì le gan-an. Ìlànà náà ni pé kí a máa san iye kan lóṣooṣù fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá yàn án, yálà ẹni náà wá tàbí kò wá. 'Capitation' ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, orí sì wà nínú ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lédè Látìnì. Mo ti rí ibi tí ògbufọ̀ kan ti kọ 'owó orí' sí i. Ẹ gbà mí! Owó orí ni owó tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tìtorí rẹ̀ bá ìjọba jà ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà ogun Àgbẹ̀kọ̀yà. Àwọn tí bàbá wọn sá wọ igbó nítorí owó orí ṣì wà láàyè. Bí a bá fẹ́ kí gbogbo ìlú kọ ètò yìí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí a óò lò nìyẹn. 'Owó ìmúrasílẹ̀' ni mo rò pé ó yẹ, nítorí iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe nìyẹn: kí ilé ìwòsàn lè wà ní ìmúrasílẹ̀ de ẹni tí kò tí ì wá.

Ìdá 10 nínú 100 iye oògùn tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń san nínú ètò ìjọba àpapọ̀, àwọn kan ń pè é ní 'owó àfikún'. Ó ń dún bí ìrẹ́jẹ, bíi pé nọ́ọ̀sì kan ni ó fi í lé e. 'Ìdá aláìsàn' ti tó. Ní ti 'ẹ̀ka tí kò ní ètò', tí wọ́n fi ń pe gbogbo ọ̀gbẹ́ni tí kò gba owó oṣù, kí ẹni tí ó kọ ọ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìdáǹdè ọmọ iṣẹ́, kí ó wá sọ fún wa bóyá yunifásítì ní ètò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn aránṣọ náà ní kí n tún ìwé wọn kọ. Ìpínrọ̀ tí mo fi rọ́pò 'owó àjọ ìlera' nìyí: 'Owó ọ̀wẹ̀ ni ẹ ń san. Bí ara yín bá le lọ́dún yìí, owó yín ti bá ẹlòmíràn gbé àìsàn rẹ̀, kò sì ní í padà. Bí àìsàn bá kàn yín, owó àwọn ẹlòmíràn ni yóò bá yín gbé e.' Ìyá Ẹgbẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, 'Dókítà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan kò ní í san án rárá.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá san án kò ní í pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ ibi tí mo kọ 'àkókò ìdúró' sí, èyíinì ni àkókò tí ó wà láàrin ìgbà tí èèyàn kọ́kọ́ sanwó àti ìgbà tí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ́jú. Ó ní òun rò pé bí àwọn ṣe máa ń tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn ni mo ń sọ. Ó tọ̀nà. Mo ti gbìyànjú 'àkókò ìfìdímúlẹ̀' àti 'oṣù ìwọlé', kò sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí. Àwọn aránṣọ náà kò tí ì tẹ ìwé wọn.